Gout: Ṣé ẹ̀wà ló ń fà á lóòótọ́, kí ló sì yẹ kéèyàn yí padà?

Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ní gout, àìsàn oríkèé kan, kì í pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi máa ń rọ́ wọ orí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan á ní kó má jẹ ẹ̀wà mọ́ láyé. Òmíràn á fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti ẹ̀pà kún un. Ẹlòmíràn á ní kó máa po bẹ́kìn sódà mọ́ omi mu láràárọ̀. Nígbà tó bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà lè ní kó máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ nìṣó, kó sì kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un. Ta ni kéèyàn wá gbọ́?

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ní orísun. Ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú gout láyé ọjọ́un yàtọ̀ sí ti òní, àwọn ìwé àtijọ́ ṣì ń káàkiri, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ńláńlá fúnra wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni gout, ṣé òun náà ni làkúrègbé?

Làkúrègbé ni orúkọ tí a fi ń pe gbogbo ohun tó bá ń bá oríkèé ara jà, ì báà jẹ́ ti orúnkún ìyá àgbà tàbí ti èjìká. Gout jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn, ó sì wà lára àwọn tí oníṣègùn mọ orísun wọn dáadáa.

Ohun kan wà tó ń jẹ́ purine. Ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ó wà nínú ẹran, ẹja àti ewébẹ̀. Bí ara bá ti lò ó tán, ohun tó máa ń ṣẹ́kù ni uric acid, ìdọ̀tí tí ara gbọ́dọ̀ dà nù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ń gba kíndìnrín bá ìtọ̀ jáde, ìyókù ń gba ìfun. Ọ̀pọ̀ ẹranko ní èròjà kan tó ń sọ uric acid di ohun mìíràn tó tètè ń yọ́ nínú omi. Ọmọ èèyàn kò ní i, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn kí tiwa kó jọ.

Bí uric acid inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 6.8 mg/dL (ìyẹn mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀), ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ rántí bí epo pupa ṣe máa ń ṣe nínú ìgò nígbà ọyẹ́: bí òtútù bá ti mú un, á dì. Ìka ẹsẹ̀ wà lára ibi tó tutù jù lára èèyàn, pàápàá lóru. Oríkèé tó wà nídìí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá ni uric acid sì ti sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn, tí á di èérún ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó jẹ́ ọmọ ogun ara á rí èérún wọ̀nyí bí àjèjì, wọn á sì ṣígun bò wọ́n. Ogun yẹn ló ń dun èèyàn.

Èèyàn lè sùn láìsí nǹkan kan. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìrora á jí i. Ìka ẹsẹ̀ á ti wú, á gbóná bí ìgbà tí iná wà nínú rẹ̀, awọ ibẹ̀ á máa dán bí tòmátì tó pọ́n kọjá. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n náà lè má hàn. Ohun tí ẹ máa rí ni pé awọ ibẹ̀ túbọ̀ dúdú tó sì ń dán. Aṣọ ìbora lásán tó bá kàn án, igbe ni. Láàárín wákàtí 12 sí 24, ìrora náà á dé góńgó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀ yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Torí pé òru ló dé, tí kò sì sí ọgbẹ́ níbẹ̀, àwọn kan á gbà pé àsasí ni, tàbí pé ẹni náà tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe sí i lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n á kà sí ohun tó wò ó. Lábẹ́lẹ̀, uric acid ń kó jọ lọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan, á tún dìde, á fò sí ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún tàbí ọwọ́. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, kókó líle lè yọ sí etí, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ìka, nǹkan funfun bí ẹfun á wà nínú rẹ̀, oríkèé á sì máa jẹrà. Òkúta náà lè di sínú kíndìnrín.

Àwọn wo ló sábà máa ń mú?

Ọkùnrin ju obìnrin lọ, láti nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ọdún lọ sókè. Obìnrin sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí nǹkan oṣù fi máa dúró, torí èròjà obìnrin ara wọn ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da uric acid nù. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní i, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀, ẹni tó sanra jù, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé oúnjẹ ló ń fà á?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta purine tó ń di uric acid, inú ara wa fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Ìdá kan tó kù ló ń bá oúnjẹ wọlé. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní gout, ìṣòro tó tóbi jù ni pé kíndìnrín wọn kì í da uric acid nù tó bó ṣe yẹ, àbùdá tí wọ́n bí mọ́ wọn ló sì sábà ń fa ìyẹn.

Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Yúróòpù wá. Wọ́n wo ohun tó mú kí uric acid ẹnì kan ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò ṣàlàyé tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà. Àbùdá ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 24. Kì í ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wò níbẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà náà kalẹ̀ fún ara wa bó ṣe wà. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó ní gout kì í ṣe ọ̀jẹun tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ìtìjú ń mú kí ọ̀pọ̀ pa àìsàn náà mọ́ra.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NICE tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ sọ nínú ìlànà 2022 wọn pé kò sí ẹ̀rí tó pọ̀ tó pé oúnjẹ kan pàtó lè dènà gout. Wọ́n ní kéèyàn máa jẹ oúnjẹ tó pé, kó sì mọ̀ pé sísanra jù àti ọtí àmujù lè mú un le sí i. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé ní Amẹ́ríkà, ACR, sọ nínú ìlànà 2020 tiwọn pé kí wọ́n dín ọtí, oúnjẹ tí purine pọ̀ nínú rẹ̀ àti ohun mímu tí wọ́n fi omi ṣúgà àgbàdo dùn kù, ṣùgbọ́n wọ́n pe ìmọ̀ràn náà ní èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Àwọn méjèèjì kò jìnnà síra tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Oúnjẹ lè mú un dìde, oúnjẹ sì lè dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí oúnjẹ nìkan wo ó.

Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Ohun tí oúnjẹ tí wọ́n ti yọ purine kúrò nínú rẹ̀ sábà máa ń dín kù kì í ju nǹkan bí 1 mg/dL lọ. Bí ti ẹnì kan bá wà ní 9.5, tó sì fi gbogbo ara ṣọ́ ẹnu, ó lè bọ́ sí 8.5. Ó ṣì ga ju 6.8 tó ti ń dì lọ. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 7.2, ìyípadà kan náà lè gbé e bọ́ sísàlẹ̀ ìlà. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn tó gba ẹnì kan là kò fi ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀wà ńkọ́?

Lóòótọ́ ni purine wà nínú ẹ̀wà, òun ló sì jẹ́ kí ìwé àtijọ́ fi í sínú àkọsílẹ̀ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2004, ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tó tẹ̀ lé ọkùnrin tó lé ní 47,000 ní Amẹ́ríkà fún ọdún 12. Àwọn tó ń jẹ ẹran àti ẹja jù ni gout ń mú jù. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti olú tó ní purine kò ní i ju àwọn tó kù lọ. Àwọn tó ń mu mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ ni tiwọn tilẹ̀ kéré jù.

Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, kò sí ìdí láti fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá yọ ẹ̀wà kúrò tó sì fi ẹran dí i, ó ti gbé èyí tó burú jù lé orí àwo. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tí wọ́n fi sè é: edé gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan nínú mọ́ínmọ́ín, ẹ̀dọ̀ gígé nínú rẹ̀, tàbí omi ẹran tí wọ́n fi po ó.

Kí ló yẹ kéèyàn dín kù gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọtí, torí òun ni ẹ̀rí rẹ̀ hàn jù. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣe é: ó ń mú kí ara pèsè uric acid púpọ̀, ó sì ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti dà á nù. Bíà tún ní purine tirẹ̀ láti inú ọkà àti ìwúkàrà tí wọ́n fi pọn ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi burú ju àwọn tó kù lọ. Ìgbàgbọ́ pé bíà dúdú ń fọ kíndìnrín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ń mú èèyàn tọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ara ló ń gbé lọ. Ìwádìí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi hàn pé wáìnì díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹni tí kò tíì ní gout. Ní 2014, ìwádìí mìíràn tó wo àwọn tó ti ní i rí i pé wáìnì, bíà àti ọtí líle, gbogbo wọn ló lè mú un dìde. Ẹmu àti ògógóró náà ní ọtí nínú, àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ sì jẹ́ ọtí lórúkọ mìíràn.

Tí ẹsẹ̀ bá ń ro ẹni lọ́wọ́, kéèyàn má mu ọtí rárá. Ní àkókò tí ara bá yá, ìdíwọ̀n tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà ni ẹyọ ọtí (unit) 14 lọ́sẹ̀. Ìgò bíà 60cl kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ẹyọ 3. Ìyẹn ni pé ìgò mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè, ẹni tó ní gout sì yẹ kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó mu ìgò mẹ́rin náà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo, lórí pẹpẹsúùpù orí ewúrẹ́, kó má yà á lẹ́nu bí ẹsẹ̀ bá jí i lóru.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣúgà inú rẹ̀ ní fructose, oríṣi ṣúgà kan, nínú, bí ẹ̀dọ̀ bá sì ti ń lò ó, uric acid á máa jáde. Ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, bíi kóró ṣúgà onígun 12. Nínú ìwádìí tí BMJ gbé jáde ní 2008, ewu gout lára ọkùnrin tó ń mu méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ fi ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ẹni tó ń mu ún ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun mímu inú páálí tí wọ́n ń pè ní omi èso náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Mọ́ọ̀tì tí à ń gbé lọ kí aláìsàn ní ọsibítù kò ní ọtí, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn gbé lọ bá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ọsàn tí èèyàn bó tó sì jẹ kò léwu bẹ́ẹ̀, torí ṣúgà inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, okùn inú rẹ̀ (fiber) kì í sì í jẹ́ kó sáré wọ ara.

Lórí ẹran, inú ẹran ló wúwo jù. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ ní purine tó nǹkan bí 300 mg nínú gíráàmù 100. Ẹran màlúù lásán ní nǹkan bí 100. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọkàn àti fùkù ni kéèyàn kọ́kọ́ yọ nínú ìkòkò. Nínú ẹja, sàdíìnì àti ṣáwá wà lókè. Ẹja gbígbẹ àti edé gbígbẹ tún le jù, torí omi ti jáde lára wọn, purine ló wá pọ̀ sínú èyí tó kù. Ṣíbí edé lílọ̀ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ kò burú. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ni kò dára. Ẹyin àti mílíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní purine kankan, wọ́n sì dára láti fi rọ́pò ẹran ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀.

Omi ẹran ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni àwọn àkọsílẹ̀ orí fóònù kì í dárúkọ. Purine máa ń yọ́ sínú omi. Bí ẹran bá ti ń hó, purine ń kúrò lára rẹ̀ bọ́ sínú omi rẹ̀. Ẹni tó yọ ẹran sílẹ̀ tó wá mu pẹpẹsúùpù ti mu èyí tó ń sá fún. Ọ̀nà tó rọrùn rèé: ẹ bọ ẹran fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, láìfi iyọ̀ àti èròjà kankan sí i, ẹ da omi yẹn nù, ẹ wá bu omi mìíràn sí i, kí ẹ tó fi àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ sè é. Adùn rẹ̀ á dín díẹ̀. Irú lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ magí náà ní èròjà amóúnjẹdùn tó wá láti inú purine, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú ìkòkò ìdílé kò tó nǹkan.

Ìwọ̀n ẹran tó bójú mu lójúmọ́ ni èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ ẹni, láìka ìka mọ́ ọn. Bí wọ́n bá pe èèyàn sí òde, ibẹ̀ ni ìṣòro wà: ẹran mẹ́rin lórí ìrẹsì, ṣúyà lẹ́yìn rẹ̀, bíà tútù nínú oòrùn, omi kò sì kan ẹnu. Ẹ mu omi kí ẹ tó kúrò nílé.

Omi mélòó, ààwẹ̀ ńkọ́, àti bí ara bá wúwo?

Omi bíi lítà méjì sí méjì ààbọ̀ lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn omi ọlọ́ràá 50cl mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro, dókítà ló máa sọ ìwọ̀n tirẹ̀, torí omi àmujù lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára.

Ààwẹ̀ gbígbẹ, èyí tí wọn kì í mu omi nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè mú gout dìde. Omi ara á gbẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ara bá ti ń jó ọ̀rá tirẹ̀ dípò oúnjẹ, àwọn èròjà kan á máa jáde tó ń bá uric acid du ọ̀nà àbájáde ní kíndìnrín. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì lè pín omi rẹ̀ láàárín ìṣínu àti sààrì, kó má fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣínu, kó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú kí wọ́n lè tún àkókò oògùn rẹ̀ tò.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kéèyàn fi ebi pa ara rẹ̀ láti fọn. Bí ara bá fúyẹ́, uric acid á dín, ṣùgbọ́n kí ó máa dín díẹ̀díẹ̀, láàárín ìlàjì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá dunni.

Wọ́n ní cherry ń wò ó. Ṣé àgbálùmọ̀ náà ni?

Rárá o. Lóòótọ́ ni àwọn kan lọ́dọ̀ wa ń pe àgbálùmọ̀ ní cherry bí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n igi méjèèjì kò bára tan rárá. Cherry tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí jẹ́ èso ilẹ̀ olótùútù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 rí i pé àwọn tó jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ méjì kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìrora tó àwọn tí kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí kò tíì tó ẹ̀rí tí wọ́n lè fi rọ́pò oògùn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ ẹ́ bó bá wù ú. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè jẹ àgbálùmọ̀ rẹ̀ nítorí adùn.

Bẹ́kìn sódà ni kí ẹ jìnnà sí. Sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní gout ti ń ru tẹ́lẹ̀.

Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lè jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó fà á?

Ó ṣeé ṣe. Àwọn oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, pàápàá hydrochlorothiazide tó wọ́pọ̀ gan-an ní Nàìjíríà, máa ń dí uric acid lọ́nà. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí wò, torí ó sábà máa ń wà pẹ̀lú oògùn mìíràn nínú kóró kan náà. Asipirín kékeré tí wọ́n ń lò nítorí ọkàn àti pyrazinamide tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní oògùn lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní gout. Losartan, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dín uric acid kù díẹ̀, ó sì lè rọ́pò rẹ̀ fún àwọn kan.

Tó bá dìde lóru, kí ni kéèyàn ṣe?

Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sórí ìrọ̀rí kó ga, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ ìnura wé omi dídì, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí fi òrí rà á. Oríkèé tí ogun wà nínú rẹ̀ kì í fẹ́ ọwọ́.

Oògùn tí dókítà lè lò nígbà yìí jẹ́ oríṣi mẹ́ta: colchicine, àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen àti naproxen, tàbí prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì kan tó ń rọ ogun inú oríkèé, fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní, ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ ra oògùn ìrora ní kẹ́míìsì láìbéèrè. Colchicine kò ní àforíjì: àlòjù rẹ̀ ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè pani. Ìlànà Amẹ́ríkà ni 1.2 mg, lẹ́yìn wákàtí kan 0.6 mg, ó parí fún ọjọ́ náà.

Bí ibà bá tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wíwú, tàbí bí ẹni náà bá ní àtọ̀gbẹ, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ọyún inú oríkèé máa ń jọ gout, ó sì lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àgbo làkúrègbé tó bá mú ìrora fò lọ láàárín wákàtí mélòó kan yẹ kó mú kéèyàn bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àwọn ọjà oríkèé kan tí wọ́n tà bí egbòogi, tí wọ́n wá rí oògùn ìrora diclofenac àti sitẹ́rọ́ìdì dexamethasone nínú wọn láìkọ ọ́ sára páálí. Ẹni tó bá ń lò ó fún oṣù pípẹ́ lè kó àrùn kíndìnrín àti àtọ̀gbẹ, ó sì tún léwu bó bá dá a dúró lójijì.

Bí mo bá yí gbogbo èyí padà, ṣé mo ṣì nílò oògùn ojoojúmọ́?

Fún ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan péré, tí kíndìnrín rẹ̀ dára, tí kò ní kókó, ọ̀pọ̀ ìlànà gbà pé ó lè dúró wò ó. Àmọ́ tó bá ti ń dìde lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, tàbí tí kókó ti yọ, ACR àti NICE ní kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín uric acid kù, kí wọ́n sì máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi wà nísàlẹ̀ 6 mg/dL. Ẹgbẹ́ oníṣègùn mìíràn ní Amẹ́ríkà, ACP, sọ ní 2017 pé ẹ̀rí kò tíì tó láti máa lé nọ́ńbà kiri, pé bí ara aláìsàn bá ṣe rí ni kí dókítà máa wò. Ìdí nìyẹn tí dókítà méjì fi lè sọ ohun méjì fún aláìsàn kan.

Allopurinol ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. 100 mg lójúmọ́ tàbí kó dín sí i ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbé e sókè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó ń ba ìtọ́jú jẹ́ jù rèé: bí uric acid bá ti ń wálẹ̀, èérún tó ti dì nínú oríkèé tipẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á sì máa ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Ọmọ ogun ara á tún rí i, ìrora á tún dé. Aláìsàn á ní oògùn náà ló fà á, á jù ú nù, gbogbo èérún á sì máa padà kó jọ. Láti dènà ìyẹn ni dókítà ṣe máa ń fi colchicine kékeré kún un fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó bá ti ń lo allopurinol kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ẹsẹ̀ tún wú. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó mú un dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì sáré lọ sí ọsibítù, ni bí ara rẹ̀ bá sú, pàápàá tí ibà tàbí egbò ẹnu bá bá a rìn.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àyẹ̀wò sì ní uric acid mi kò ga. Ṣé kì í ṣe gout ni?

Ó lè jẹ́ òun. Nígbà tó bá dìde lọ́wọ́, uric acid inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ìrora ti lọ. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n fa omi díẹ̀ nínú oríkèé náà, kí wọ́n wo ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Bí èérún bí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ náà lórí ìwé àyẹ̀wò, torí ilé àyẹ̀wò kan ń lo mg/dL, òmíràn ń lo µmol/L. 6 mg/dL tí a ń sọ ni nǹkan bí 360 lórí ìwé kejì, 6.8 sì jẹ́ nǹkan bí 405. Ẹni tó bá rí 480 lórí ìwé rẹ̀, nǹkan bí 8 ni tirẹ̀.